Swíìṣì Òkè Kọ́ Ló Bàjẹ́: Ọ̀rọ̀ Iná Orí Àtẹ̀gùn

Wọ́n pààrọ̀ swíìṣì ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn nítorí pé ojú rẹ̀ ti fọ́. Láti ọjọ́ náà, ẹ tẹ̀ ẹ́ nísàlẹ̀, iná kò tàn, àfi tí ẹnì kan bá kọ́kọ́ lọ yí ti òkè padà. Kíá ni gbogbo ilé á sọ pé, "Swíìṣì òkè ti bàjẹ́." Wọ́n á ra tuntun síbẹ̀, nǹkan kan náà ni wọ́n á tún bá.

Ohun tó ń ṣì wọ́n lọ́nà ni pé wọ́n gbà pé iṣẹ́ swíìṣì ni kó já iná tàbí kó so ó. Bẹ́ẹ̀ ni ti yàrá rí, ṣùgbọ́n two-way, ìyẹn irú swíìṣì orí àtẹ̀gùn tí méjì fi ń tan iná kan ṣoṣo, kì í já ọ̀nà, ṣe ló ń yan ọ̀nà. Ihò wáyà mẹ́ta ló wà lẹ́yìn rẹ̀: COM, L1 àti L2. Ẹ tẹ̀ ẹ́ síhìn-ín, COM á so mọ́ L1. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sọ́hùn-ún, á so mọ́ L2. Wáyà méjì ló so L1 àti L2 ìsàlẹ̀ mọ́ ti òkè. Iná á wọ COM ìsàlẹ̀, á gba ọ̀kan nínú wáyà méjèèjì gòkè, á sì gba COM òkè jáde sí gílóòbù. Bí swíìṣì méjèèjì bá yan wáyà kan náà, iná á tàn. Bí kálukú bá yan tirẹ̀, á kú.

Ẹni tó pààrọ̀ ti ìsàlẹ̀ ti ki wáyà tó gbé iná wá bọ L1, ó wá fi ọ̀kan nínú àwọn tó ń lọ sókè sí COM. Láti ìgbà náà, wáyà kan ṣoṣo ni iná lè gbà gòkè. Bí ti òkè kò bá kọjú sí wáyà yẹn, ẹ tẹ ti ìsàlẹ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́, kò ní tàn. Ìsàlẹ̀ ló jẹ̀bi, òkè la ń dá lẹ́bi!

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù ni àwọn tó ń sọ pé, "Ṣebí iná ti kú, kò sí nǹkan nínú swíìṣì náà." Ó wà ńbẹ̀ o. Níwọ̀n ìgbà tí iná bá ti wà nílé, 230 volt wà lórí ọ̀kan nínú wáyà méjèèjì yẹn, gílóòbù ì báà kú. Ẹ má sì gbẹ́kẹ̀ lé àwọ̀. Nínú ilé àtijọ́, pupa ló ń gbé iná, dúdú ni nútúrà, wáyà tí iná ń gbà padà; ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pupa àti dúdú ni wọ́n fà láàárín swíìṣì méjì, dúdú náà lè gbé èèyàn. Bí NEPA bá mú iná lọ, inverter ṣì lè wà lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ pa breaker, kí ẹ kọ́kọ́ fi tẹ́sítà kan ibi tí iná wà dájú, kí ẹ lè mọ̀ pé òun fúnra rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, kí ẹ tó fi kan ihò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Tí ọwọ́ yín kò bá mọ iṣẹ́ yìí, ẹ pe oníṣẹ́ iná.

Kí ẹ tó tú swíìṣì àtijọ́, ẹ lẹ téèpù mọ́ wáyà tó wà ní COM. Òun nìkan ni kò gbọ́dọ̀ ṣìnà. Bí L1 àti L2 bá gba ipò ara wọn, kò séwu, ìhà tí ẹ ó máa tẹ̀ ló máa yí padà. Tí swíìṣì kẹta bá wà láàárín, oníhò mẹ́rin ni tirẹ̀, intermediate ni wọ́n ń pè é lọ́jà. Two-way kò lè ṣe iṣẹ́ rẹ̀.