Etí ni a fi ń ṣe ètò tí ojú ń wò

Ọ̀pọ̀ ènìyàn tó bá mi sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ló máa ń bi mí léèrè nípa kámẹ́rà: èwo ló dára jù, mélòó ni ètò kan nílò, báwo ni a ṣe ń mọ èyí tí àwòrán rẹ̀ yẹ kó jáde. Ìbéèrè tó tọ́ ni, nítorí ojú ni òǹwòran fi ń wo ètò. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá wọ yàrá ìdarí fún ìgbà àkọ́kọ́ nígbà tí ètò kan bá ń lọ ní tààràtà yóò rí i pé gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ ló fi nǹkan bo etí. Lóòótọ́, olùdarí ń wo àwòrán mẹ́fà tàbí mẹ́jọ lẹ́ẹ̀kan náà lára ògiri, ṣùgbọ́n ohun tó so òun pọ̀ mọ́ àwọn ayàwòrán, atọ́kùn, àwọn tó ń tọ́jú iná, alábòójútó ohùn àti ẹni tó ń ka àkókò ni ohùn. Bí ohùn yẹn bá já, kò sí bí kámẹ́rà ti lè dára tó tí ètò náà kò ní dàrú. Ìdí nìyí tí mo fi ń rọ ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ wọ iṣẹ́ yìí pé kí ó kọ́kọ́ kọ́ bí a ṣe ń fi etí ṣiṣẹ́.

Ọ̀nà tí a ń gbà bá ara wa sọ̀rọ̀ ni àwa òṣìṣẹ́ ń pè ní talkback. Olùdarí ló ń sọ̀rọ̀ jù lórí rẹ̀, àwọn yòókù ń gbọ́. Ayàwòrán tó dúró nítòsí àlejò kò lè la ẹnu dá a lóhùn, torí ohùn rẹ̀ yóò bọ́ sínú ètò. Kámẹ́rà ló fi ń dáhùn. Bí mo bá béèrè lọ́wọ́ kámẹ́rà 3 bóyá ó lè rí ọwọ́ àlejò, yóò mi kámẹ́rà rẹ̀ sókè sísàlẹ̀ bí ẹni tó mi orí láti sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, yóò sì yí i sọ́tùn-ún sósì láti sọ pé rárá. Kò ní ṣe èyí àyàfi bí iná pupa orí kámẹ́rà rẹ̀ kò bá tàn, nítorí iná yẹn ló ń sọ fún òun àti fún atọ́kùn pé àwòrán kámẹ́rà náà gan-an ni àwọn òǹwòran ń rí lọ́wọ́.

Àṣẹ olùdarí máa ń ní apá méjì, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kúkúrú sì ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń lò fún un. “Ready 2” ń sọ fún ẹni tó wà nídìí kámẹ́rà kejì pé kí ó mú àwòrán rẹ̀ dúró ṣinṣin, kí ó má ṣe yí ohunkóhun padà mọ́. Ó tún ń sọ fún ẹni tó jókòó ti ẹ̀rọ tí a fi ń yan àwòrán pé kí ó gbé ìka lé bọ́tìnì kejì. “Take 2” ló ń mú kí ó tẹ bọ́tìnì náà. Níwọ̀n bí ìka ti wà lórí bọ́tìnì, ọ̀rọ̀ “take” di ohun tí a kò gbọ́dọ̀ fi sínú gbólóhùn mìíràn nígbà tí ètò bá ń lọ. Olùdarí tó bá sọ pé òun rò pé àwọn máa take kámẹ́rà 2 láìpẹ́ ti dá wàhálà sílẹ̀, torí ẹni tó wà nídìí bọ́tìnì kì í dúró gbọ́ ìparí gbólóhùn. Ohùn olùdarí fúnra rẹ̀ tún ní ipa tó ń kó: bí ó bá ń pariwo, ara àwọn ayàwòrán kì í balẹ̀, ọwọ́ wọn á máa gbọ̀n, a ó sì rí i nínú àwòrán. Mo ti rí àwọn ọ̀dọ́ olùdarí tó mọ iṣẹ́ dunjú, àmọ́ tí wọ́n fi igbe ba iṣẹ́ ara wọn jẹ́.

Atọ́kùn náà ní ohun kékeré kan nínú etí tó fi ń gbọ́ wa, ọ̀nà méjì sì ni a lè gbà ṣètò rẹ̀. Nínú ọ̀kan, gbogbo ohun tí a bá sọ ní yàrá ìdarí ló ń gbọ́. Nínú èkejì, kò ní gbọ́ nǹkan kan àyàfi bí a bá tẹ bọ́tìnì tirẹ̀ mọ́lẹ̀. Àwọn atọ́kùn tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ sábà máa ń fẹ́ ti àkọ́kọ́, torí wọ́n fẹ́ mọ ohun tó ń bọ̀ kó tó dé. Ti kejì ni mo máa ń ṣe fún ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún àkọ́kọ́ mi nídìí ìdarí, mo tẹ bọ́tìnì atọ́kùn kan láti sọ fún un pé ó ku ìṣẹ́jú kan, mo sì gbàgbé láti gbé ọwọ́ kúrò. Mo yíjú sí ẹni tó jókòó tì mí, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàròyé pé ìdáhùn àlejò náà ti gùn jù. Atọ́kùn gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó dákẹ́ láàárín ọ̀rọ̀, ojú rẹ̀ yí padà, àlejò náà sì rò pé ohun tí òun sọ ni kò bá a lára mu. Ọ̀rọ̀ ọ̀fọ̀ ni àlejò náà ń sọ lọ́wọ́. Títí di òní, mi ò jẹ́ gbé ìka lé bọ́tìnì yẹn láìjẹ́ pé mo ti mọ ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ, ọ̀rọ̀ náà kì í sì í ju márùn-ún lọ.

Àlejò tó wà níbi tó jìnnà, tó ń bá wa sọ̀rọ̀ lórí fóònù tàbí íntánẹ́ẹ̀tì, nílò ìtọ́jú tó yàtọ̀. Gbogbo ohùn ètò ni a gbọ́dọ̀ fi ránṣẹ́ sí etí rẹ̀, àyàfi ohùn tirẹ̀. Bí ohùn tirẹ̀ bá padà sí i lẹ́yìn nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún ìṣẹ́jú àáyá, ahọ́n rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í kọsẹ̀, yóò máa fa ọ̀rọ̀, yóò máa tún un sọ, nítorí ọpọlọ ń fi etí ṣọ́ ohun tí ẹnu ń sọ, kò sì lè fara da kí ìròyìn náà pẹ́. Bí ẹ bá ti rí àlejò kan rí lórí tẹlifíṣọ̀n tó ń kólòlò, tó wá yọ nǹkan kúrò létí rẹ̀ tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì tún padà já gaara, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀bi tiwa ni, kì í ṣe tirẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tó ká mi lára jù ni ti ẹnu àti ohùn tí kò bára mu. Ní àwọn orílẹ̀-èdè tí iná mànàmáná wọn jẹ́ 50 Hz, àwòrán 25 ló sábà máa ń kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Bí a bá pín ìṣẹ́jú àáyá kan sí ọ̀nà 1,000, àwòrán kan ń gba 40 nínú ìpín náà. Ẹ̀rọ èyíkéyìí tó bá ní láti di àwòrán mú kó tó tú u sílẹ̀, yálà ó ń yí ìwọ̀n rẹ̀ padà ni o tàbí ó ń da kámẹ́rà kan pọ̀ mọ́ òmíràn, yóò dá a dúró fún ó kéré tán iye àkókò yẹn. Ohùn kì í bá irú ìdádúró bẹ́ẹ̀ pàdé, nítorí náà ó máa ń ṣáájú àwòrán dé, èyí sì lòdì sí bí ayé ti rí. A kì í gbọ́ àrá kí mànàmáná tó kọ. Ìmọ́lẹ̀ ló ń kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ wa, ohùn ń tẹ̀lé e, torí pé nǹkan bíi mítà 343 ni ohùn ń rìn ní ìṣẹ́jú àáyá kan nínú afẹ́fẹ́ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ohùn tó pẹ́ díẹ̀ ti mọ́ wa lára láti ìgbà tí a ti dáyé, ṣùgbọ́n èyí tó yá jù ṣàjèjì sí wa. Ìlànà EBU, ìyẹn àjọ àwọn agbóhùnsáfẹ́fẹ́ ní Yúróòpù, tẹ̀lé èyí: ohùn kò gbọ́dọ̀ fi ju ìpín 40 ṣáájú àwòrán, ṣùgbọ́n ó lè fi ìpín 60 pẹ́ sí i. Iṣẹ́ alábòójútó ohùn ni láti mọ̀ọ́mọ̀ dá ohùn dúró títí tí àwòrán yóò fi bá a. Kí ètò tó bẹ̀rẹ̀, a máa ń ní kí ẹnì kan dúró síwájú kámẹ́rà kọ̀ọ̀kan kí ó pàtẹ́wọ́, a ó sì wò ó níbi tí òǹwòran yóò ti wò ó, kì í ṣe ní yàrá ìdarí nìkan.

Ìṣirò yẹn kan náà ló fi hàn pé máìkì gbọ́dọ̀ sún mọ́ ẹnu. Máìkì tó wà ní mítà 34 sí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ti fi ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá pẹ́, ìyẹn àwòrán méjì àti ààbọ̀, kó tó tilẹ̀ gbọ́ ohunkóhun. Yàtọ̀ sí èyí, nígbàkígbà tí ìjìnnà bá di ìlọ́po méjì, ohùn ẹni náà ń lọ sílẹ̀ ní nǹkan bíi 6 dB (dB ni ìwọ̀n tí a fi ń mọ bí ohùn ti lágbára tó), ṣùgbọ́n ariwo ẹ̀rọ amúlétutù àti ìró ògiri kì í lọ sílẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Kò sí ẹ̀rọ tó lè ya méjèèjì sọ́tọ̀ pátápátá lẹ́yìn tí wọ́n bá ti pọ̀ mọ́ra. Tí ẹ bá ní owó díẹ̀ láti fi bẹ̀rẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ra máìkì tí a ń fi há aṣọ àyà àti hẹ́ẹ́dìfóònù tó bo gbogbo etí kí ẹ tó ronú nípa kámẹ́rà kejì. Òǹwòran máa ń fara da àwòrán tó ṣókùnkùn díẹ̀. Ohùn tí kò yé e ni kì í fara dà. Ẹ pààrọ̀ bátìrì máìkì kí ètò tó bẹ̀rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ṣì kù, kí ẹ sì gbọ́ máìkì kọ̀ọ̀kan fún odindi ìṣẹ́jú kan nígbà tí ẹni tó wọ̀ ọ́ ń rìn tó sì ń yí ara, torí ìgbà náà ni aṣọ tó ń ha máìkì máa ń fi ara hàn.

Ẹni tó ń ka àkókò ni mo kà sí òpó yàrá ìdarí, bẹ́ẹ̀ ni kò sí òǹwòran tó mọ̀ pé ó wà. Láti ẹ̀yìn ló ti ń ṣírò. Bí ètò bá gbọ́dọ̀ parí ní aago 8:00:00, tí fọ́nrán ìparí sì jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 45, fọ́nrán náà gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 7:59:15. Bí atọ́kùn bá nílò ìṣẹ́jú àáyá 30 láti dágbére, ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò gbọ́dọ̀ dópin ní 7:58:45. Nítorí náà, ohun tó ń sọ sí etí gbogbo wa kì í ṣe aago tó lù, bí kò ṣe iye àkókò tó kù: ìṣẹ́jú méjì, ìṣẹ́jú kan, ọgbọ̀n, mẹ́wàá. Ó ń kà á pẹ̀lú ohùn kan náà láti òkè dé ilẹ̀, yálà nǹkan ń lọ déédéé tàbí kò lọ déédéé, ìdúróṣinṣin ohùn yẹn sì ti gba ọ̀pọ̀ ètò là lójú mi.

Ní ti ètò orí íntánẹ́ẹ̀tì, ohun méjì péré ni mo fẹ́ fi kún un. Wáyà ni kí ẹ fi so kọ̀ǹpútà tó ń gbé ètò jáde mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì, kì í ṣe Wi-Fi, kí ẹ má sì lo ju ìdajì agbára ìgbéjáde tí ẹ bá wọ̀n, ìyẹn bí íntánẹ́ẹ̀tì yín ti lè yára fi nǹkan ránṣẹ́ tó. Èkejì ni pé ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, nígbà mìíràn tó tó 30, ló máa ń wà láàárín ohun tí ẹ ṣe àti ìgbà tí òǹwòran rí i. Kí atọ́kùn tó béèrè ìbéèrè lọ́wọ́ àwọn òǹwòran mọ ohun tí yóò máa sọ títí tí èsì yóò fi dé.

Nígbà tí nǹkan bá bàjẹ́, tó sì dájú pé yóò bàjẹ́ lọ́jọ́ kan, yàrá ìdarí gbọ́dọ̀ parọ́rọ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹni tó bá rí ìṣòro náà ni yóò sọ̀rọ̀: yóò pe ipò rẹ̀, yóò sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ àti ohun tó ń ṣe sí i. “Ohùn: máìkì àlejò ti kú, mò ń ṣí èkejì.” Ó ti tó. Àlàyé bó ṣe ṣẹlẹ̀ lè dúró di ìgbà tí ètò bá parí. Ohun tó le jù fún ẹni tuntun ni pé kí ó dákẹ́ nígbà tí òun náà ti rí àṣìṣe náà, tó sì ń wù ú láti ràn wá lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ohùn méjì tó bá wọ etí ayàwòrán lẹ́ẹ̀kan náà kò ní jẹ́ kó gbọ́ ọ̀kan nínú wọn.

Lẹ́yìn tí àwòrán ìkẹyìn bá ti kọjá, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ bọ́ hẹ́ẹ́dìfóònù rẹ̀ títí olùdarí yóò fi sọ pé a ti kúrò lórí afẹ́fẹ́, nítorí ìgbà yẹn gan-an ni ara máa ń tu àwọn ènìyàn, tí wọ́n á máa sọ̀rọ̀ nípa ètò náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ máìkì tí a kò tíì pa. Mo máa ń ní kí alábòójútó ohùn kọ́kọ́ pa gbogbo máìkì láti yàrá ìdarí, kí ó tó jáde lọ bá àlejò, kí ó tú máìkì kúrò lára aṣọ rẹ̀, kí ó yọ bátìrì rẹ̀ lójú rẹ̀, kí ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àlejò kì í rántí pé òun ṣì wọ̀ ọ́. Àwa ló yẹ kó rántí fún un, kí ó tó dìde lórí àga.