Ọ̀rá tó kúrò nínú àká rẹ̀

Bàbá kan tó ń ta èlùbọ́ ní Sábó wá sọ́dọ̀ wa nílé ìwòsàn lóṣù tó kọjá. Ó ní àtọ̀gbẹ kò lè jẹ́ tòun, torí òun kò sanra. Ó ká apá bùbá rẹ̀ sókè kí n lè rí i. Lóòótọ́, apá náà gbẹ, itan náà gbẹ, àmọ́ ikùn ti ta síwájú, bẹ́líìtì sì ti sọ̀ kalẹ̀ sábẹ́ rẹ̀. Irú ara bẹ́ẹ̀ pọ̀ lára àwọn àgbà wa ní Ògbómọ̀ṣọ́ yìí, ó sì ń dùn mí pé ẹni tó ní in kì í fura.

Ọ̀rá kì í ṣe ọ̀tá. Bí ẹ bá wo inú sẹ́ẹ̀lì ọ̀rá kan, ìyẹn ọ̀kan lára àwọn ẹyọ tíntìntín tó para pọ̀ di ọ̀rá ara, ẹ̀kán ọ̀rá ńlá kan ṣoṣo lẹ máa rí, tó ti gbogbo nǹkan yòókù sẹ́gbẹ̀ẹ́. Àká ni sẹ́ẹ̀lì náà. Ohun tó bá ṣẹ́ kù lára oúnjẹ ni ara ń kó pamọ́ síbẹ̀ de ọjọ́ ebi. Gíráàmù ọ̀rá kan ń fúnni ní agbára tó tó kálórì 9, nígbà tí gíráàmù sítáàṣì inú àmàlà ń fúnni ní 4 péré. Abẹ́ awọ ìdí àti itan ni àká tó dáa jù wà. Ìyá tí ìdí rẹ̀ tóbi, tí ikùn rẹ̀ sì pẹlẹbẹ, kì í sábà kó mi láyà sókè.

Ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2008 fi hàn pé nínú sẹ́ẹ̀lì ọ̀rá 10 tí àgbàlagbà ní, ọ̀kan máa ń kú lọ́dún, tuntun á sì rọ́pò rẹ̀. Bí ọjọ́ orí bá ti ń lọ, àwọn tuntun kì í jáde dáadáa mọ́. Àwọn ògbólógbòó á máa wú, àwọn mìíràn kò ní kú, wọn ò sì ní ṣiṣẹ́, wọ́n á kàn máa tú ohun tó ń mú ara gbóná sínú ẹ̀jẹ̀. Nígbà tí àká kò bá gbà mọ́, ọ̀rá á wá ibòmíì wọ̀: inú ẹ̀dọ̀, inú iṣan, àyíká ìfun. Ìdí á gbẹ, ikùn á yọ. Òṣùwọ̀n lè má yàtọ̀ rárá.

Ibẹ̀ ni ẹ̀mí ti ń kúrú. Ínsúlìn ni ìránṣẹ́ tó ń sọ fún ẹ̀dọ̀ àti iṣan pé kí wọ́n gba ṣúgà kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Ọ̀rá tó bá kún inú wọn á di wọ́n létí. Ìránṣẹ́ á pè títí, wọn ò ní dáhùn, ṣúgà á pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀, àtọ̀gbẹ nìyẹn, á sì máa ba ojú, kíndìnrín àti ọkàn jẹ́.

Lọ́dún 2003, àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà sọ pé eku tí wọ́n mú kí sẹ́ẹ̀lì ọ̀rá rẹ̀ nìkan, kì í ṣe ẹ̀dọ̀ tàbí iṣan rẹ̀, má gbọ́ ínsúlìn mọ́ kò sanra, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń jẹun dáadáa, ó sì fi nǹkan bí ìdá 18 nínú 100 pẹ́ ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Lọ́dún 2017, ìwádìí mìíràn fi hàn pé kòkòrò kékeré kan tó ń jẹ irú ọ̀rá tó wà nínú òróró ólífì ń pẹ́ sí i láyé, bẹ́ẹ̀ ọ̀rá rẹ̀ ń pọ̀ sí i ni! (Irú ọ̀rá yìí pọ̀ nínú kaṣú wa náà, ṣùgbọ́n èèyàn kì í ṣe kòkòrò, ẹ má torí èyí kó kaṣú jẹ.) Ẹ ò rí i pé irú ọ̀rá àti ibi tó wà ló ṣe kókó ju pípọ̀ rẹ̀ lọ.

Ẹ mú okùn, ẹ fi wọn gíga yín láti àtẹ́lẹsẹ̀ dé orí. Ẹ ṣẹ́ ẹ po sí méjì, kí ẹ fi yí ikùn ká ní ọ̀gangan ìdodo, láìfa ikùn sínú. Bí ojú okùn méjèèjì kò bá kàn ara wọn, ọ̀rá ti wọ inú nìyẹn. Ẹ lọ yẹ ṣúgà ẹ̀jẹ̀ wò. Ó sì ṣeé dá padà: bí ẹni tó wọn kílò 80 bá sọ kílò 4 nù, ọ̀rá inú ẹ̀dọ̀ á ti máa dín kù. Ẹ dín òkèlè alẹ́ àti mínírà kù, kí ẹ máa rìn kíákíá lójoojúmọ́, torí iṣan tó ń ṣiṣẹ́ máa ń sun ọ̀rá inú ara rẹ̀.

Okùn bàbá yẹn ku ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan kó tó kàn ara rẹ̀. Ó ti ń fẹsẹ̀ rìn láti Sábó dé Tákíè báyìí láràárọ̀, ó sì mú okùn náà lọ sílé fún ìyàwó rẹ̀.