Bí orin ṣe ń jí ìgbà èwe àti ọgbẹ́ ọkàn

Kí èèyàn jókòó, kó ní òun fẹ́ rántí bí yàrá tí òun gbé lọ́mọdé ṣe rí, ó lè pẹ́ kó tó rí nǹkan gidi kan dì mú. Ṣùgbọ́n bí orin tí wọ́n máa ń gbọ́ ní yàrá náà bá ta sí i létí lójijì, àwọ̀ kọ́tìnnì, ibi tí rédíò wà, ohùn ẹni tó máa ń kọ ọ́ tẹ̀lé e, gbogbo rẹ̀ á ya wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Omi lè ti lé ròrò sí i lójú kó tó mọ orin tó ń gbọ́.

Ọpọlọ kì í tọ́jú orin sọ́tọ̀, kó tọ́jú ibi tí a ti gbọ́ ọ sọ́tọ̀. Ẹ̀yà ọpọlọ kan tó ń jẹ́ hippocampus ló ń so ohun tí a gbọ́, ohun tí a rí àti àwọn tó wà níbẹ̀ pọ̀ di ìṣẹ̀lẹ̀ kan. Amygdala, tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ló ń fi bó ṣe rí lára wa kún un. Bí ọ̀kan bá jí, á jí ìyókù.

Ìgbà tí a wà láàárín nǹkan bí ọdún 10 sí 30 ni orin máa ń wọ̀ wá lára jù. Àmọ́ àwọn olùwádìí méjì, Carol Krumhansl àti Justin Zupnick, fi hàn ní 2013 pé àwọn ọ̀dọ́ tó tó bí ẹni 20 ọdún tún ní ìrántí tó so mọ́ orin ayé ọ̀dọ́ àwọn òbí wọn. Ọmọ a máa jogún orin. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bí òbí bá kú, orin rẹ̀ kò bá a lọ.

Ibẹ̀ gan-an ni ìbànújẹ́ ti ń wọlé. Fọ́tò kì í rìn, orin ń rìn, ara sì ti mọ ibi tó ń lọ. Ní 2011, olùwádìí kan, Valorie Salimpoor, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Montreal, ní Kánádà, rí i pé ọpọlọ ti ń tú dopamine, èròjà ìgbádùn, jáde kí ibi tó dùn jù nínú orin tó dé, ó sì tún ń tú u nígbà tó bá dé. Nítorí náà, ẹni tó ń gbọ́ orin àtijọ́ kò wulẹ̀ ń rántí, ó ń retí. Ègbè á dé lásìkò tó yẹ kó dé, ohùn tó máa ń gbè é kò ní dé. Adùn àti ẹ̀dùn á wá pàdé nínú ìṣẹ́jú kan ṣoṣo. Ìyẹn ló ń mú kí èèyàn tún padà gbọ́ orin tó pa á lẹ́kún.

Kì í ṣe gbogbo orin àtijọ́ ló lágbára bẹ́ẹ̀. Èyí tí a ń gbọ́ lójoojúmọ́ ti so mọ́ ìrìn àjò, iṣẹ́ àti àwọn ọ̀rẹ́ tuntun, kò tún tọ́ka sí ẹnì kan pàtó mọ́. Èyí tí a kò gbọ́ láti ogún ọdún sẹ́yìn ló máa ń ṣe é jù, nítorí pé kò sí ìṣẹ̀lẹ̀ mìíràn tó tíì bo ti àkọ́kọ́ mọ́lẹ̀.