"A máa ra ilé yín lówó ojú ẹsẹ̀": ta ni wọ́n ń pè ní wholesaler?

Bí ẹ bá nílé sí Houston, ní ìpínlẹ̀ Texas ní Amẹ́ríkà, àfàìmọ̀ kẹ́ ẹ má ti gba irú lẹ́tà yìí rí: káàdì pélébé kan tí wọ́n ṣe bíi pé ọwọ́ ni wọ́n fi kọ ọ́, tó ní òun fẹ́ ra ilé yín lówó ojú ẹsẹ̀, kẹ́ ẹ má tún nǹkan kan ṣe, kò sí owó àjẹ́ńtì. Bí kì í bá ṣe lẹ́tà, á jẹ́ àtẹ̀jíṣẹ́ lórí fóònù. Bẹ́ẹ̀ ẹ ò pariwo fún ẹnikẹ́ni pé ẹ fẹ́ talé. Ta ló wá sọ fún wọn?

Ìwé ìjọba ni. Ní Texas, orúkọ onílé àti àdírẹ́sì tí wọ́n ń fi ìwé owó orí ilé ránṣẹ́ sí wà lọ́dọ̀ àjọ tó ń díye lé ilé, ẹni tó bá sì wù lè wò ó lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tí àdírẹ́sì tirẹ̀ yàtọ̀ sí ti ilé tó ní, ẹni tó jẹ owó orí, ẹni tí òbí rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú tí ọ̀rọ̀ ogún wà ní kóòtù, orúkọ irú wọn ni àwọn kan ń kó jọ tí wọ́n sì ń tà. Ìdí nìyẹn tí lẹ́tà fi máa ń wọ́ tìrítìrí tọ ẹni tó ti padà sí Ìbàdàn tó fi ilé sílẹ̀ fún ayálégbé.

Ẹni tó ń wá irú ilé bẹ́ẹ̀ kiri ni àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní "bird dog", ìyẹn ajá ọdẹ. Orúkọ náà bá a mu: ó gbóòórùn ẹran, ó gbó, wọ́n ju egungun fún un. Ẹni tó yẹ kẹ́ ẹ fojú sí ni wholesaler, torí òun ló ń gbé ìwé wá pé kẹ́ ẹ buwọ́ lù ú.

Wholesaler kì í sábà ra ilé. Ìwé àdéhùn ló ń gbà lọ́wọ́ yín pé ẹ ó ta ilé fún òun ní iye báyìí, á wá ta ìwé ọ̀hún fún olówó tó fẹ́ ra ilé lóòótọ́. Àlàfo iye méjèèjì ni èrè rẹ̀. Wọ́n ní alágbàtà ní í sọ ọjà di ọ̀wọ́n, àmọ́ tiyín ni yóò kọ́kọ́ sọ di ọ̀pọ̀. Alágbàtà iṣu tiẹ̀ máa ń sanwó iṣu kó tó kó o.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Òdiwọ̀n tó wọ́pọ̀ láàárín àwọn tó ń ra ilé tún ṣe ni pé wọn kì í fẹ́ kọjá 70% iye tí ilé máa tó lẹ́yìn àtúnṣe, wọ́n á sì tún yọ owó àtúnṣe kúrò. Ká ní ilé yín á tó $300,000, àtúnṣe sì jẹ́ $50,000. 70% jẹ́ $210,000. Ẹ yọ $50,000, ó ku $160,000. Bí wholesaler bá fẹ́ jẹ $15,000, $145,000 ló máa pè fún yín. Kò wolé yín níran, ìṣirò ló gbé wá látilé. Ohun tó tún ràn án lọ́wọ́ ni pé òfin Texas kò fi dandan mú ẹni tó ra ilé láti kéde iye tó rà á, kò sì rọrùn fún yín láti mọ iye tí ilé aládùúgbò tà. Àjẹ́ńtì tó ní láísẹ́ǹsì lè wò ó fún yín kẹ́ ẹ tó fèsì.

Nínú ìwé náà, ẹ wo ẹ̀yìn orúkọ olùrà. Bí ẹ bá rí "and/or assigns" níbẹ̀, ohun tó ń sọ ni pé òun tàbí ẹnikẹ́ni tó bá gbé àdéhùn náà fún. Ibẹ̀ ni òwò rẹ̀ sinmi lé. Ẹ lè ní kí wọ́n fagi lé e, kí wọ́n sì kọ ọ́ pé kò lè gbé e fún ẹlòmíì láìgbàṣẹ yín. Lẹ́yìn náà, ẹ wo owó ìdánilójú, ìyẹn owó tí olùrà ń fi sílẹ̀ láti fi hàn pé lóòótọ́ ló fẹ́ rà. Àwọn kan ń fi $100 péré so ilé mọ́lẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, pẹ̀lú ààyè láti jáwọ́ tí wọn ò bá rí oníbàárà. Ẹlòmíì á tiẹ̀ lọ forúkọ àdéhùn sílẹ̀ ní ọ́fíìsì akọ̀wé county (ìjọba ìbílẹ̀ tiwọn), ẹ ò sì ní lè tà fún ẹlòmíì wọ́ọ́rọ́wọ́ títí wọ́n á fi yọ ọ́. Ẹ bèèrè owó tó nítumọ̀, kó wà lọ́wọ́ title company (ilé iṣẹ́ tó ń yẹ ìwé ilé wò tó sì ń bá yín di owó mú títí ọjà á fi parí), kí ọjọ́ tó fi lè yẹ ilé wò kó sì jáwọ́ kéré, kí báǹkì sì kọ̀wé pé owó wà. Ẹ bi í ní ṣókí pé: "Ṣé orúkọ tìẹ ló máa wà lórí ìwé ilé?"

Òfin ti ń dá sí i. Láti 2017, Texas ti ní kí ẹni tó ń ta irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ láìní láísẹ́ǹsì jẹ́ kí ẹni tó fẹ́ rà á mọ̀ pé ẹ̀tọ́ inú ìwé ni òun ń tà, kì í ṣe ilé. Ti ìpínlẹ̀ Illinois le jù bẹ́ẹ̀: láti 2019, ẹni tó bá ṣe é ju ẹ̀ẹ̀kan lọ láàárín oṣù 12 ní láti gba láísẹ́ǹsì.

Mi ò ní kẹ́ ẹ fa gbogbo lẹ́tà ya o. Bí òrùlé bá ti jìn, tí àwọn tó jogún jẹ́ mẹ́rin tí kò sí èyí tó fẹ́ wá láti Èkó wá wá bíríkìlà, $145,000 láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lè tẹ́ wọn lọ́rùn ju $200,000 lẹ́yìn oṣù mẹ́jọ lọ. Kí wọ́n ṣáà gba iye lẹ́nu ẹni mẹ́ta, kí wọ́n sì fún lọ́yà ní ìwé náà kà kí ẹnikẹ́ni tó buwọ́ lù ú lórí fóònù.