local[*]: Iye ọwọ́ tí Spark yóò fi ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà rẹ

Ẹni tó bá ti fi Apache Spark, ètò tí wọ́n fi ń ṣe iṣẹ́ dátà ńlá, ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà ara rẹ̀ rí á ti pàdé ọ̀rọ̀ kan tó rí báyìí: local[*]. Inú àpẹẹrẹ kóòdù ló pọ̀ sí jù. A kàn máa ń dà á kọ, kóòdù á ṣiṣẹ́, a ó sì gbàgbé rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ìràwọ̀ kékeré tó wà láàárín àkámọ́ yẹn ló ń pinnu iye core tí Spark lè lò. Ọwọ́ ni ìràwọ̀ yẹn ń fún Spark o, kì í fún un níṣẹ́. Àìmọ ìyàtọ̀ méjèèjì ló ń mú kí èèyàn ra kọ̀ǹpútà olówó gọbọi, kí iṣẹ́ rẹ̀ má sì yá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Core ni apá tó ń ṣe ìṣirò gan-an nínú prósẹ́sọ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, core kan ṣoṣo ló máa ń wà nínú prósẹ́sọ̀ kọ̀ǹpútà ilé. Bí àwọn tó ń ṣe é bá fẹ́ kó yá sí i, wọ́n á jẹ́ kí core ọ̀hún máa sáré sí i. Eré náà dé ibì kan tí kò ṣeé sá mọ́, torí bó ṣe ń sáré sí i ló ń gbóná sí i, tó sì ń jẹ iná sí i. Ní 2005, Intel àti AMD gbé prósẹ́sọ̀ oní-core méjì jáde fún kọ̀ǹpútà orí tábìlì, láti ìgbà náà ló sì ti jẹ́ pé iye core ni wọ́n ń fi kún. Kọ̀ǹpútà alágbèéká tó ní core mẹ́jọ kì í ṣe nǹkan àrà mọ́.

Ṣùgbọ́n kóòdù tí a kọ láti máa ṣe nǹkan ní ọ̀kọ̀ọ̀kan kì í ṣàdédé pín ara rẹ̀ sí mẹ́jọ nítorí pé core mẹ́jọ wà nílẹ̀. pandas, irinṣẹ́ Python tí ọ̀pọ̀ wa fi kọ́ iṣẹ́ dátà, orí core kan ló ti ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ ṣí htop lórí Linux, tàbí Task Manager lórí Windows, nígbà tí pandas bá ń ṣe groupby (kíkó àwọn ìlà tó jọra pọ̀ láti ṣírò wọn) lórí fáìlì ńlá kan. Ẹ ó rí ọ̀pá mẹ́jọ tó tò síbẹ̀, ọ̀kan á kún fọ́fọ́, àwọn méje tó kù á kàn máa mí díẹ̀díẹ̀. Owó core mẹ́jọ lẹ san, iṣẹ́ ẹyọ kan lẹ ń gbà.

Ọ̀nà mìíràn ni Spark gbà. Yunifásítì California ní Berkeley ni Matei Zaharia ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 2009, ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tí a so pọ̀ ni wọ́n sì ní lọ́kàn nígbà tí wọ́n ń kọ́ ọ. Ó ní ọ̀gá tí wọ́n ń pè ní driver, òun ló ń wo iṣẹ́, tó ń gé e sí wẹ́wẹ́, tó sì ń pín in. Ó ní òṣìṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní executor. Ètò tó ń jẹ́ master ló ń sọ ibi tí ọ̀gá yóò ti rí òṣìṣẹ́. Bí a bá kọ àdírẹ́ẹ̀sì àwọn kọ̀ǹpútà tí a so pọ̀ síbẹ̀, ọ̀dọ̀ wọn ni yóò lọ. Bí a bá kọ local, à ń sọ fún un pé kò sí ibòmíràn: inú Java kan ṣoṣo (ètò tí Spark ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀), lórí ẹ̀rọ yìí, ni ọ̀gá àti òṣìṣẹ́ yóò jọ wà.

Tí a bá wá kọ local lásán, láìsí àkámọ́, thread kan péré la fún un. Thread ni okùn iṣẹ́ kan tó ń lọ lórí core. Thread kan, iṣẹ́ kan lẹ́ẹ̀kan náà. local[4] fún un ní mẹ́rin. local[*] ní kó ka iye core tó bá lórí ẹ̀rọ, kó sì ṣí thread tó bá iye yẹn mu. A tún lè fi nọ́ḿbà kejì sí i, bíi local[4,2], nọ́ḿbà kejì yìí sì ń sọ iye ìgbà tí iṣẹ́ kékeré kan lè kùnà kí Spark tó jáwọ́ nínú gbogbo rẹ̀. Láìsí i, ìkùnà àkọ́kọ́ ti tó láti dá ohun gbogbo dúró.

Ẹ kíyè sí ẹni tí ìràwọ̀ ń bi ní ìbéèrè. Java ló ń bi, iye tí Java bá sì dá lóhùn kì í fìgbà gbogbo jẹ́ iye core tó wà nínú prósẹ́sọ̀ ní ti gidi. Ọ̀pọ̀ prósẹ́sọ̀ ló ń fi core kan hàn bíi méjì kó lè máa rí nǹkan ṣe nígbà tí ìdajì iṣẹ́ rẹ̀ ń dúró de dátà. Ẹ̀rọ tó ní core mẹ́rin lè tipa bẹ́ẹ̀ pe ara rẹ̀ ní mẹ́jọ, ìràwọ̀ á sì ṣí thread mẹ́jọ. Kò burú, àmọ́ ẹ má retí kó yá ní ìlọ́po mẹ́jọ. Bákan náà, bí Spark bá wà nínú container (àpótí tí a fi ń ya ètò kan sọ́tọ̀ lórí ẹ̀rọ) tí a ní kó má lo ju core méjì lọ, Java 10 sókè, àti Java 8 láti 8u191, á bọ̀wọ̀ fún òdiwọ̀n yẹn. Àwọn tó ti dàgbà jù bẹ́ẹ̀ lọ á ka gbogbo core ẹ̀rọ tó gbé container náà, wọ́n á ṣí thread jìngbìnnì, àwọn thread á sì máa du core méjì mọ́ ara wọn lọ́wọ́.

Níbo la ti ń kọ ọ́? A lè kọ ọ́ sínú kóòdù:

SparkSession.builder.master("local[*]").getOrCreate()

A lè kọ ọ́ nígbà tí a bá ń pe iṣẹ́ láti terminal, ibi tí a ti ń tẹ àṣẹ:

spark-submit --master "local[*]" ise.py

A sì lè gbé e sínú fáìlì spark-defaults.conf. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá tako ara wọn, inú kóòdù ló ń borí, lẹ́yìn náà terminal, fáìlì yẹn ló kẹ́yìn. Ìdí nìyí tí n kì í fi í kọ ọ́ sínú kóòdù tí mo mọ̀ pé yóò kúrò lórí ẹ̀rọ mi. Ẹni tó bá kọ local[*] sínú kóòdù, tó wá gbé e lọ síbi tí ogún kọ̀ǹpútà ti ń dúró dè é, ẹ̀rọ kan ṣoṣo ni yóò ṣe gbogbo iṣẹ́ náà, mọ́kàndínlógún á jókòó. Àṣìṣe náà kì í pariwo. Iṣẹ́ á parí, èsì á tọ̀nà, ó kàn máa pẹ́ ni.

Ẹ má sì gbàgbé àmì àyọlò tó yí local[*] ká nínú terminal. Nínú zsh, ọ̀kan lára àwọn ètò tó ń gba àṣẹ nínú terminal, ìràwọ̀ àti àkámọ́ ní ìtumọ̀ tiwọn. Bí kò bá sí àmì yẹn, zsh á rò pé fáìlì lẹ ń wá, á ní òun ò rí i, Spark ò sì ní bẹ̀rẹ̀ rárá.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí ọ̀rọ̀ ọwọ́ àti iṣẹ́, torí ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ wà. Spark kì í pín fáìlì fún àwọn thread ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Ó ń gé dátà sí ìpín, ìpín kan sì ni thread kan lè gbé lẹ́ẹ̀kan. Bí ìpín bá jẹ́ mẹ́ta, tí thread jẹ́ méjìlá, mẹ́sàn-án kò ní rí nǹkan ṣe. Bí ìpín bá jẹ́ ẹyọ kan, kò sí ìràwọ̀ tó lè ran èèyàn lọ́wọ́.

Ọ̀rẹ́ mi kan gbé irú ẹ̀ wá bá mi. Kọ̀ǹpútà rẹ̀ ní core méjìlá, ó ti kọ local[*] bó ṣe yẹ, síbẹ̀ iṣẹ́ kan tó yẹ kó gba ìṣẹ́jú mélòó kan ń gba ìdajì ọ̀sán. A ṣí ojú ìwé tí Spark máa ń gbé sórí localhost:4040 nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́. A tẹ stage (ìpele iṣẹ́) tó ń pẹ́, a wo iye task (iṣẹ́ kékeré, ọ̀kan fún ìpín kan): 1. Ọ̀pá gígùn kan ṣoṣo ló nà gbalaja lójú ẹ̀rọ. Mo bi í pé irú fáìlì wo ló ń kà. Ó ní CSV ni, ṣùgbọ́n òun ti fi gzip fún un pọ̀ kó má gbàyè.

Òun nìyẹn. Fáìlì gzip kò ṣeé bẹ̀rẹ̀ sí í kà láti àárín, àfi láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé òpin. Nítorí náà Spark ò lè gé e; bó ti wù kó tóbi tó, ìpín kan ni. CSV tí a kò fún pọ̀ ìbá ṣeé gé, nítorí Spark a máa gé irú fáìlì bẹ́ẹ̀ ní nǹkan bíi megabyte 128 sí ìpín kan. A fi repartition(24), tó ń tún dátà pín sí ìpín 24, sí ẹ̀yìn ìlà tó ń ka fáìlì, ká tó ṣe nǹkan mìíràn sí i. Kíkà náà ṣì ń gba orí thread kan, kò sọ́gbọ́n tí a lè dá sí i, ṣùgbọ́n láti ibẹ̀ lọ gbogbo core ló dìde. Lẹ́yìn èyí ni a tọ́jú dátà náà sí Parquet, irú fáìlì tó ṣeé gé, kó má baà tún san gbèsè yẹn lọ́la.

Ìdí tí mo fi mú 24 ni pé mo fẹ́ràn kí ìpín jẹ́ ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta iye core. Bí ìpín kan bá wúwo ju àwọn yòókù lọ, àwọn core tó ti parí tiwọn á rí òmíràn gbé. Ẹ má jẹ́ kó pọ̀ lápọ̀jù náà. Lẹ́yìn join (síso tábìlì méjì pọ̀) tàbí groupby, ìpín 200 ni Spark máa ń fi dátà sí bí a kò bá sọ nǹkan míì, ètò tó ń jẹ́ spark.sql.shuffle.partitions ló sì ń pa á láṣẹ. Fún dátà kékeré lórí kọ̀ǹpútà kan, àkókò tí a fi ń pín 200 lè ju àkókò tí a fi ń ṣe é lọ. Láti Spark 3.2 ló ti ń dá pa àwọn ìpín kéékèèké pọ̀ fúnra rẹ̀, èyí sì ti dín ìnira yẹn kù gan-an.

Mẹ́mórì ńkọ́? Níbí ni ìràwọ̀ ti máa ń ṣe èèyàn bí ọ̀tá. Nínú local, ọ̀gá àti òṣìṣẹ́ jọ wà nínú Java kan, nítorí náà spark.executor.memory kò wúlò níbẹ̀; spark.driver.memory ló ń ṣiṣẹ́, gigabyte 1 ni a sì bá a nílẹ̀. Bí thread méjìlá bá jọ ń pín gigabyte kan, èló ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan? Mo ti rí iṣẹ́ tó kú lórí local[*] nítorí mẹ́mórì, tó sì parí wọ́ọ́rọ́wọ́ lórí local[4]. Bí ẹ bá fẹ́ fi kún un, ẹ lo --driver-memory 8g láti terminal, tàbí kí ẹ kọ ọ́ sínú spark-defaults.conf, nítorí bí Java bá ti dìde tán, kò ní gbọ́ mọ́. Ẹni tó ń kọ iṣẹ́ tirẹ̀ ní Python gbọ́dọ̀ ṣọ́ra sí i: thread kọ̀ọ̀kan á gbé Python tirẹ̀ dìde lẹ́gbẹ̀ẹ́ Java, mẹ́mórì tí àwọn yẹn ń jẹ kò sì sí nínú gigabyte mẹ́jọ yẹn.

Ohun kan tún wà tí iye core kò lè yí padà. Gene Amdahl, onímọ̀ kọ̀ǹpútà kan, sọ ọ́ ní 1967: apá iṣẹ́ tí kò ṣeé pín ló ń pinnu ibi tí eré máa dé. Bí ìdá kan nínú mẹ́wàá iṣẹ́ bá jẹ́ èyí tí core kan péré lè ṣe, core mẹ́jọ kò ní mú un yá ju ìlọ́po 4.7 lọ, ẹgbẹ̀rún core pàápàá kò sì ní mú un dé ìlọ́po mẹ́wàá.

Lórí kọ̀ǹpútà tèmi nìkan, tí mo tún fẹ́ máa ka nǹkan lórí rẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ ń lọ, mo máa ń yọ core kan sílẹ̀: local[7] lórí ẹ̀rọ oní-mẹ́jọ. Lórí ẹ̀rọ tí àwọn ẹlòmíràn jọ ń lò, n kì í lo ìràwọ̀ rárá, nítorí ìràwọ̀ kò mọ̀ pé ẹlòmíràn wà níbẹ̀. Gbogbo core tó bá rí ló ń kà mọ́ tirẹ̀. Ibi tó tọ́ sí jù ni ẹ̀rọ tí kò ní iṣẹ́ mìíràn ju èyí lọ.

Kí iṣẹ́ ńlá tó bẹ̀rẹ̀, ìlà méjì ni mo máa ń kọ́kọ́ tẹ̀. spark.sparkContext.defaultParallelism á sọ iye thread tó wà nílẹ̀ fún mi. df.rdd.getNumPartitions() á sọ iye ìpín tó ń dúró de àwọn thread náà. Bí ti àkọ́kọ́ bá jẹ́ 8, tí ti ìkejì jẹ́ 1, mo ti mọ ohun tí màá ṣe.