Ṣé ògiri ló rìn ni, àbí oòrùn? Ìbéèrè mẹ́rin lórí ọgbà àyíká ilé

Ibi tí oòrùn ti ń ta gan-an nínú ọgbà mi lóṣù Okúdù ti di ìbòòji lóṣù Ọ̀pẹ. N kò gbin igi síbẹ̀, n kò sì mọ ògiri kún ògiri. Kí ló fà á?

Oòrùn ló rìn. A máa ń sọ pé oòrùn wà ní àtàrí lọ́sàn-án gangan, ṣùgbọ́n Ìbàdàn tí mò ń gbé wà ní nǹkan bí ìwọ̀n 7 sí àríwá ìlà agbedeméjì ayé. Ẹ̀ẹ̀mejì péré lọ́dún ni oòrùn ọ̀sán ń dúró ṣánṣán lé wa lórí: ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Igbe àti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Owérè. Láàárín oṣù méjèèjì yìí, ìhà àríwá ló ń gbà kọjá. Bí Owérè bá ti wọlé, á bọ́ sí gúúsù, ibẹ̀ ni yóò sì wà títí Igbe yóò fi padà dé.

Ẹ wá wo ògiri tó ga ní mítà 2, tó lọ láti ìlà oòrùn sí ìwọ̀ oòrùn. Lọ́sàn-án oṣù Ọ̀pẹ, òjìji rẹ̀ á gùn ju mítà 1 lọ sí ìhà àríwá. Lóṣù Okúdù, òjìji yẹn á sọdá sí ìhà gúúsù, kò sì ní tó mítà 1. Ẹ̀bùn ọ̀fẹ́ nìyí: ẹ̀yìn ògiri níhà àríwá máa ń tutù ní àkókò tí a nílò ìtutù jù, nínú ẹ̀ẹ̀rùn. Ibẹ̀ ni kí ẹ gbin gbúre sí, ibẹ̀ náà sì ni kí ẹ gbé àga sí. Ẹ fi ìhà gúúsù sílẹ̀ fún àwọn tí oòrùn kì í bà lẹ́rù, irú bí ọ̀pẹ òyìnbó àti ọjá ìkookò.

Lóṣù Agẹmọ, ọgbà mi tutù yọ̀yọ̀. Lásìkò ọyẹ́, ó gbẹ háúháú, bẹ́ẹ̀ mò ń bomi rin ín lójoojúmọ́!

Bóyá "lójoojúmọ́" yẹn gan-an ni ìṣòro. Èmi náà ṣe é rí. Ní ìrọ̀lẹ́ kọ̀ọ̀kan, màá gbé họ́ọ̀sì, màá wọ́n omi títí ilẹ̀ á fi dúdú, inú mi á sì dùn. Lọ́jọ́ kan mo ki ìka bọ ilẹ̀ lẹ́yìn tí mo bomi rin ín tán. Oríkèé àkọ́kọ́ rin, àmọ́ eruku gbígbẹ ló wà nísàlẹ̀. Omi tí a kàn ń wọ́n bẹ́ẹ̀ kì í jìn, gbòǹgbò á sì dúró sókè níbi tó ti máa ń rí i, níbi tí oòrùn ti ń yan ilẹ̀. Afẹ́fẹ́ ọyẹ́, tó ń bọ̀ láti aṣálẹ̀ Sàhárà, tún ń fa omi jáde lára ewé kíákíá ju bí gbòǹgbò ṣe lè fà á wọlé lọ. Ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀ ti tó fún ohun tó ti fìdí múlẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kó mu àmuyó. Ẹ kó ewé gbígbẹ bo ilẹ̀ náà, kí ẹ má sì jẹ́ kó kan ìdí igi, torí ikán.

Igi furúǹtù mọ ọgbọ́n yìí tipẹ́. Nínú ẹ̀ẹ̀rùn, ewé rẹ̀ á pọ́n bí ẹ̀jẹ̀, á sì wọ́ dànù, kí omi má baà gba ibẹ̀ lọ. Èmi kì í tètè gbá a nílẹ̀; ó wù mí í wò. (Íńtálọ́ọ̀kì tí wọ́n ń tẹ́ kún gbogbo àgbàlá báyìí kò wù mí rárá: ooru nìkan ló ń hù jáde níbẹ̀.)

Àwọn àgbà ní òdòdó ń pe ejò wálé. Òótọ́ ni?

Kì í ṣe òdòdó ni ejò ń wá. Eku, ọ̀pọ̀lọ́ àti ibi tó dùn ún sá sí ló ń wá. Ẹ fi àlàfo bí ẹsẹ̀ méjì sílẹ̀ láàárín ewéko àti ògiri, kí ẹ máa gbá a mọ́ bí wọ́n ṣe ń gbá àgbàlá láyé ìjelòó.

Kí ló dé tí tannáposó fi máa ń padé ní gbogbo ọ̀sán?

Àlejò òru ló ń retí. Láti nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ló máa ń là, òórùn rẹ̀ á sì gbalẹ̀ bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, kí àfòpiná lè wá a rí. Bí oòrùn bá mú lọ́jọ́ kejì, á padé, á sì rọ. Nítorí náà, ẹni tó bá gbìn ín síwájú ilé fún àlejò ọ̀sán kò ní rí nǹkan kan fi yangàn. Ẹ̀gbẹ́ àga ìrọ̀lẹ́ ni ààyè rẹ̀, tàbí abẹ́ fèrèsé yàrá. Kóró rẹ̀ dúdú bí iyèré, ó sì ní májèlé, ẹ má jẹ́ kí ọmọdé fi ṣeré. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá pa ewé rẹ̀ run pátá, ẹ má hú u. Gbòǹgbò rẹ̀ ta bí iṣu nísàlẹ̀, bí òjò àkọ́rọ̀ bá sì ti rọ̀, á tún hù.