Printk àbí ìtọpasẹ̀: èwo ló ń fa driver Wi-Fi sẹ́yìn?

Ní oṣù Kẹsàn-án 2024, Linus Torvalds gba PREEMPT_RT wọlé sínú Linux. Ìròyìn náà ní printk, ohun tí kernel (ọkàn Linux) fi ń kọ ọ̀rọ̀ jáde, wà lára ohun tó dá a dúró pẹ́ jù. Ó ya ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́nu. Àwọn tó ń tún driver Wi-Fi ṣe, ìyẹn ètò tó ń darí káàdì Wi-Fi, ló wá béèrè jù, torí printk ni wọ́n fi ń wá àṣìṣe. Ọ̀nà kejì ni ìtọpasẹ̀ (tracing), tó ń ṣàkọsílẹ̀ ohun tí kernel ń ṣe.

Kí ni PREEMPT_RT?

Iṣẹ́ nǹkan bí ogún ọdún ni, kí iṣẹ́ tó ní àkókò pàtó má baà máa dúró de iṣẹ́ míì. Linux 6.12 ló bá jáde.

Báwo ni ìlà kan ṣoṣo ṣe lè dá kernel dúró?

Tẹ́lẹ̀, apá kernel tó bá pe printk ló sábà máa ń ti ìlà náà dé orí console, ibi tí ọ̀rọ̀ kernel ti ń jáde. Tí console bá jẹ́ okùn serial oní 115200 baud, lẹ́tà 11,520 ló lè kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìlà tó ní lẹ́tà 80 á jẹ mílísẹ́kọ́ǹdì 7. Kó tó parí, Wi-Fi tó ń gbé 300 Mbps ti lè gbé pákẹ́ẹ̀tì oníbáìtì 1,500 bíi 170 kọjá. Ẹ wá fi irú ìlà bẹ́ẹ̀ sójú ọ̀nà pákẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan.

Èyí tó ń dunni jù ni pé àṣìṣe tí ẹ ń wá lè sá lọ. Printk ti fa gbogbo nǹkan sẹ́yìn, iṣẹ́ méjì tó ń kọlu ara wọn ò pàdé mọ́. Ẹ yọ ìlà náà kúrò, àṣìṣe padà dé.

Laptop mi ò ní serial ńkọ́?

Ìyà náà dín kù, kò tán. Kernel ṣì ní láti sọ nọ́ńbà di ọ̀rọ̀ lójú ẹsẹ̀, journald, ètò tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ẹ̀rọ, náà á sì máa jí dìde láti kà á.

Kí ni ìtọpasẹ̀ ń ṣe tó yàtọ̀?

Ftrace, irinṣẹ́ ìtọpasẹ̀ inú kernel tí Steven Rostedt kọ, wọ Linux 2.6.27 ní 2008. Tracepoint, ojú ibi tí wọ́n ti sàmì sí nínú kernel fún ìtọpasẹ̀, máa ń ju nọ́ńbà lásán sínú àyè ìrántí tí CPU kọ̀ọ̀kan ní fúnra rẹ̀, kò ní í du ààyè pẹ̀lú CPU míì. Ìgbà tí ẹ bá fẹ́ kà á ló ń di ọ̀rọ̀. Bí ìyá aláta tó ń fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sára ògiri bí ọjà ṣe ń lọ, tó wá ń ṣírò lálẹ́.

Tí a ò bá tan án, ṣé kò náni ní nǹkan kan?

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má náni ní nǹkan kan. Lórí x86, àṣẹ kékeré tí kò ṣe nǹkan kan ló wà níbẹ̀; ìgbà tí ẹ bá tan án ni kernel máa ń yí i padà. Ṣùgbọ́n ibi táwọn èèyàn ti ń ṣì í gbọ́ nìyí: pr_debug, ìlà printk tí ẹ lè tàn tàbí pa nípasẹ̀ dynamic debug, náà lè lo ọgbọ́n yìí. Ath10k, driver káàdì Wi-Fi Qualcomm, ń wo debug_mask rẹ̀, nọ́ńbà tó ń sọ irú ìlà tó máa kọ jáde; ìyẹn náà ò wọ́n. Tí gbogbo wọn bá wà ní pípa, kò sí ìjà. Ìgbà tí ẹ bá tan wọ́n lọ̀rọ̀ ń bẹ̀rẹ̀.

Ìtọpasẹ̀ náà lè wọ́n o. Ẹni tó bá ní kí ftrace máa tọ gbogbo function kernel, kó má bú Wi-Fi tó bá ń wọ́ ilẹ̀.

Kí ni "callbacks suppressed" tí mo rí nínú dmesg, àṣẹ tó ń fi ọ̀rọ̀ printk hàn?

Kernel ti da àwọn ìlà kan nù nìyẹn. Fún ìlà tí wọ́n fi òdiwọ̀n sí, 10 láàárín ìṣẹ́jú àáyá 5 ló sábà ń gbà. Ìlà tí ẹ ń wá lè wà lára èyí tó lọ. Ìtọpasẹ̀ náà máa ń pàdánù: tí àyè rẹ̀, nǹkan bíi 1.4 MB fún CPU kọ̀ọ̀kan, bá kún, tuntun á kọ lé ti àtijọ́. Ẹ fi buffer_size_kb fẹ̀ ẹ́.

Ṣé kí n wá gbàgbé dmesg?

Rárá. Tí driver ò bá rí fáìlì firmware rẹ̀, ètò tó ń ṣiṣẹ́ nínú káàdì, ẹ̀ẹ̀kan ló ṣẹlẹ̀. Printk tó o. Bákan náà, tí ẹ̀rọ bá kú, ìtọpasẹ̀ inú RAM á bá a lọ, àfi tí ẹ bá ti tan ftrace_dump_on_oops tó ń dà á jáde kí kernel tó kú tán. Printk náà ló sì ń gbà jáde.

Àṣẹ wo ni kí n tẹ̀?

Fún káàdì Intel tí driver rẹ̀ ń jẹ́ iwlwifi: `sudo trace-cmd record -e mac80211 -e cfg80211 -e iwlwifi`. Trace-cmd ló ń bá yín lo ftrace; mac80211 àti cfg80211 ni apá Wi-Fi inú kernel. Ẹ jẹ́ kí àṣìṣe ṣẹlẹ̀, ẹ tẹ Ctrl+C, trace.dat á wà nílẹ̀.

Ṣé ewu wà nínú kí n fi trace.dat ránṣẹ́?

Ó wà. Àdírẹ́sì MAC yín àti orúkọ Wi-Fi tó yí yín ká lè wà nínú rẹ̀, wọ́n sì lè tọ́ka sí ilé yín. Àṣẹ tí iwlwifi fi ń gbé kọ́kọ́rọ́ fún káàdì lè wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ọ̀rọ̀ aṣínà fúnra rẹ̀ kọ́, kọ́kọ́rọ́ ìsopọ̀ ìgbà yẹn ni. Ẹ má fi `-e iwlwifi_data` kún àṣẹ náà àfi tí ẹni tó ń bá yín tún un ṣe bá béèrè, torí òun ló ń gbé ohun tó wà nínú pákẹ́ẹ̀tì. Tó bá ṣeé ṣe, router tí kò sẹ́lòmíì lórí rẹ̀ ni kí ẹ fi ṣe é, kí ẹ sì fi fáìlì náà ránṣẹ́ sí ẹni náà nìkan. Ẹ tún wo /etc/modprobe.d: debug_mask tí ẹ kọ síbẹ̀ láti ọjọ́ yìí ṣì ń kún dísíìkì yín.